Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wa Ṣe Gba Aṣọ́lé Là

Òórùn róòbù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn nínú yàrá ìmúra tó wà lábẹ́ àga ìwòran ní pápá ìṣeré kan ní Àkúrẹ́, níbi tí a ti máa ń bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù díje. Róòbù, òógùn, ìbọ̀sẹ̀ tí kò gbẹ dáadáa, àti koríko tútù tí àwọn ọmọ fi bàtà gbé wọlé. Tí òjò bá ti rọ̀ láàárọ̀, ooru ọ̀sán á po gbogbo rẹ̀ pọ̀, á wá dà bíi pé wọ́n ń se nǹkan nínú ìkòkò tí wọ́n dé. Àwọn mìíràn máa ń fi aṣọ bo imú. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi gan-an wà: kí n máa di ọrùn ẹsẹ̀, kí n máa na iṣan itan tó ti le koko, kí n máa wo ojú ọmọ tó ní nǹkan kan ò dun òun, kí n sì mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ pẹ́, wàá mọ ohun tí mò ń sọ. Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé iwájú pátákó la ti ń ṣe é, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé lórí eékún ni. Tèmi jẹ́ méjèèjì. Ti ọ̀gá mi kò jẹ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Ọ̀gá mi yìí ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ olórí ẹ̀ka wa ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Oǹdó, ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ìtọ́jú àwọn eléré ìdárayá. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pè é ní “wọ́n”, bí a ṣe ń pe àgbà. Mo pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀ fún gbogbo ìgbà tí mo fi wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú ìtàn tí mò ń sọ fún ọ yìí, “ó” ni màá máa pè é, ìyẹn náà sì ti pọ̀ jù fún un.

Bí o bá rí i lókèèrè, wàá gbà pé àgbà onímọ̀ ni. Aṣọ eré funfun ló máa ń wọ̀, wọ́n á ti lọ̀ ọ́ títí tí ìlà iwájú ṣòkòtò náà á fi mú bí ọ̀bẹ. Fèrè rẹfurí á wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀rọ tí àwọn dókítà fi ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù á sì wà lọ́rùn yẹn kan náà. Mo sún mọ́ ẹ̀rọ náà dáadáa lọ́jọ́ kan tí a jọ jókòó ní ìpàdé. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bò ó láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ṣì wà lójú rẹ̀. Kò tíì gbọ́ ọkàn ẹnikẹ́ni rí. Ọkùnrin náà kì í fọwọ́ kan eléré. Ó ní òógùn wọn máa ń yún òun lára. Tó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa orúnkún, yóò ka ìwé jẹ́ẹ́jẹ́ láìgbójú sókè, bí ẹni tó ń ka ìfilọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọmọ kan bá béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé yẹn, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní kí ọmọ náà lọ wá a kàn, kó wá ṣàlàyé fún gbogbo kíláàsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó ṣe ń sọ àìmọ̀ tirẹ̀ di iṣẹ́ àṣetiléwá fún ẹlòmíràn nìyẹn. Àwọn ọmọ ní ó le. Èmi mọ̀ pé ó ṣófo ni.

Olùkọ́ kékeré ni mí nígbà náà. Mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn, mo sì ti bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì ṣiṣẹ́ kí n tó padà wá sí Oǹdó tí wọ́n ti bí mi. Bí mo bá kọ nǹkan tó fẹ́ jáde nínú ìwé ìwádìí, orúkọ ọ̀gá á ṣáájú, tèmi á tẹ̀lé e. Bí ìdíje bá dé, èmi ni màá gbé àpótí oògùn àti yìnyín lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, òun á sì wà lábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú àwọn èèyàn pàtàkì, tí wọ́n ń fi ẹran dídín pa ìrònú rẹ́. Mo fara mọ́ ọn. Mo rò pé bí nǹkan ṣe rí nìyẹn, pé bí mo bá dúró pẹ́ tó, ó máa kàn mí.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, àwọn ọmọbìnrin wa ló fẹ́ gbá àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Láti Oǹdó la ti wọ bọ́ọ̀sì wá sí Àkúrẹ́ láàárọ̀. Àwọn ọmọ ń kọrin, kóòṣì ń lé e fún wọn, ọ̀jọ̀gbọ́n wa sì ń bọ̀ lẹ́yìn nínú ọkọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń wá. Wọ́n fẹ́ yan ẹni tó máa ṣe olórí gbogbo àwọn ẹ̀ka tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa, ó sì ti fi sọ́kàn pé òun fúnra òun ló máa gbé ife ẹ̀yẹ náà lé ọ̀gá àgbà lọ́wọ́, kí wọ́n má bàa gbàgbé òun. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ó ti lọ ya fọ́tò pẹ̀lú ife náà níbi tí wọ́n gbé e sí. Mo rí i. Ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Aṣọ́lé wa jẹ́ ọmọ Ìgbàrà-Òkè. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì pọ̀, àfi tó bá ti dúró síwájú àwọ̀n. Ìgbà yẹn ni ohùn rẹ̀ máa ń gba gbogbo pápá kan. Nígbà tí balógun ẹgbẹ́ wa gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé kí ìsinmi tó tó, ọmọ yìí fi ojú ilé sílẹ̀, ó sáré láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì láti lọ dì mọ́ ọn, rẹfurí sì ń fun fèrè mọ́ ọn títí. Inú gbogbo wa dùn. Èmi pàápàá fò sókè.

Lẹ́yìn ìsinmi, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù gíga kan wá síwájú ilé wa. Ó fò láti mú un, ọmọ ẹgbẹ́ kejì náà fò, orúnkún ọmọ yẹn sì gbá a ní ẹ̀gbẹ́ orí, lókè etí. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí, ó dún kọ́, bíi pé ẹnì kan fi ọmọ odó kan ilẹ̀kùn. Ó ṣubú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà bọ́. Àwọn èrò ìwòran pàtẹ́wọ́. Kí n tó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti dìde, ó ń gbọn koríko kúrò lára. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí ìbá ní ó ti parí. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ló tẹjú mọ́, ó ń wò ó bí ẹni tí kò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ sí òun lọ́wọ́.

“Mà,” ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ṣé a ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?”

Mo di apá rẹ̀ mú. “Ta ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wa?”

Ó ronú, ó ronú. “Kò tíì sí, mà.”

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ mi pé bí ọpọlọ ẹnì kan bá mì nínú agbárí, ẹni náà ṣì lè rìn, ó ṣì lè sáré, ó sì lè ka ìka ọwọ́ rẹ títí di ọ̀la. Ohun tó máa ń sá lọ ni ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Torí náà, bí a bá fẹ́ mọ̀, eré tó wà nínú rẹ̀ gan-an la máa ń bi í léèrè: apá kejì ni àbí apá kìn-ín-ní, ta ló gbá a wọlé, ta ni a ń bá gbá. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, eré ti parí fún un lọ́jọ́ náà. Orí tó ti mì lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá tún gbá a kó tó balẹ̀, ó lè pa ẹni tó ni ín. Mo na ọwọ́ sí kóòṣì pé kó múra ẹlòmíràn, mo sì fà á jáde lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá.

Bí mo ṣe ń mú un jókòó ni ọ̀jọ̀gbọ́n wa dé láti abẹ́ àtíbàbà, òróró ẹran ṣì ń dán ní ètè rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti òkè ibẹ̀ ló ti na ìka méjì síwájú ọmọ náà.

“Mélòó nìyí?”

“Méjì, sà.”

“Ẹ ò rí i?” Ó yíjú sí kóòṣì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ parí. “Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ọmọ Ìgbàrà-Òkè ni, orí wọn le. Ẹ da omi lé e lórí, kó padà wọlé.”

Mo ní, “Sà, kò lè padà wọlé. Kò mọ̀ pé eré ti bẹ̀rẹ̀.”

“Ìwọ ni ọ̀jọ̀gbọ́n níbí ni àbí èmi?”

Kóòṣì ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin tó ń pe àwọn ọmọ yẹn ní ọmọ òun láti àárọ̀, tó ń lé orin fún wọn nínú bọ́ọ̀sì, ló ń wá ike omi kiri. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti ń dìde, torí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé bí àgbà bá sọ̀rọ̀, kéèyàn ṣe é. Mi ò ní ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, mo fi wọ́n sórí koríko, mo sì jókòó lé wọn. Mo jókòó dáadáa, mo na ẹsẹ̀, mo fa ọmọ náà mọ́ra. Àwọn kan nínú èrò ìwòran bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró lé mi lórí, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè, ṣùgbọ́n kò lè bẹ̀rẹ̀ kó wá wọ obìnrin kúrò nílẹ̀ lójú ọ̀gá àgbà. Aṣọ rẹ̀ ìbá dọ̀tí.

Ọmọ kékeré kan tí kò tíì ṣọ́ ilé rí nínú ìdíje ni wọ́n rán wọlé. Ó gbìyànjú. Wọ́n gbá a wọlé lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún gbá a, ife sì lọ. Bí rẹfurí ṣe fun fèrè ìkẹyìn ni ọ̀gá mi nawọ́ sí mi níwájú gbogbo ayé. “Obìnrin yìí ló tà wá! Ẹ wò ó dáadáa!” Balógun ẹgbẹ́ wa kọjá lára mi, kò kí mi. Bọ́ọ̀sì gbéra lọ sí Oǹdó láìdúró dè wá.

Mo gbé aṣọ́lé wọ takisí, a kọrí sí ilé ìwòsàn kan lọ́nà Ọ̀bà-Ilé. Ó bì nínú ọkọ̀. Ó ń sọ pé òun fẹ́ lọ “ulé”, bí wọ́n ṣe ń pe ilé lọ́dọ̀ wọn, ó sọ ọ́, ó tún un sọ, bí ọmọ tí oorun ń kùn. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Dókítà tó jáde wá bá mi kéré sí mi lọ́jọ́ orí, obìnrin ni, ó sì fara balẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti jò nínú agbárí, pé àwọn á máa ṣọ́ ọ, pé ó ṣeé ṣe kó gbẹ fúnra rẹ̀. “Bí wọ́n bá jẹ́ kó padà sórí pápá yẹn…” ó ní, ó sì mi orí. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti Ìgbàrà-Òkè dé, aṣọ oko ṣì wà lára rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ náà gbẹ. Ọmọ náà rìn jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó jáde, wọ́n ti pè mí síwájú ìgbìmọ̀ ní Oǹdó. Àìgbọràn ni wọ́n ní mo ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀. Ó ní mo dójú ti ilé-ẹ̀kọ́, ó ní mo jókòó sílẹ̀ bí aṣiwèrè. Àwọn ará ìgbìmọ̀ ń mi orí. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó béèrè bí ara aṣọ́lé ṣe rí. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀mọ̀wé tí mo ti ń kí tìteríba láràárọ̀, ohun kan nínú mi sì tutù pátápátá.

Ìyá ọmọ náà ló bà á jẹ́ fún wọn. Ó wọ mọ́tò láti Ìgbàrà-Òkè, ó gbé odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, ó lọ kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà láti dúpẹ́ pé àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kò jẹ́ kí ọmọ òun kú. Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pe ọ̀jọ̀gbọ́n kó wá ṣàlàyé. Èmi náà wà níbẹ̀, wọ́n ti kọ́kọ́ pè mí. Ọkùnrin náà wo ìyá, ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wo ọ̀gá àgbà. Ojú rẹ̀ ò ṣẹ́.

“A ṣe ohun tó yẹ ká ṣe ni, sà.”

“A.” Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìgbìmọ̀ tú ká, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ti tú. Kí oṣù yẹn tó parí, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn ní yàrá àwọn olùkọ́ pé “a” ti di “mo”. Wọ́n sì fi í ṣe olórí tó ń wá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá kan ní gbọ̀ngàn wa ní Oǹdó. Orí eléré ni kókó rẹ̀, bí ó ṣe yẹ ká tọ́jú ẹni tó bá fi orí gbá nǹkan. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́, ó yọ ọ́ nínú ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ó mú aṣọ́lé àti ìyá rẹ̀ jókòó síwájú. Nígbà tó dé ibi ìtàn náà, ó pa ìwé dé, ó gba máìkì sọ́wọ́, ó sì sọ bí òun ṣe sáré wọ pápá lọ́jọ́ náà, bí òun ṣe kọ̀ jálẹ̀ pé ọmọ náà ò ní padà, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pariwo mọ́ òun. Ó tilẹ̀ fi mí síbẹ̀. “Ọmọ abẹ́ mi kan wà níbẹ̀, obìnrin,” ó ní, “ẹ̀rù bà á, ó ń sunkún. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo wà níbẹ̀.” Kóòṣì wà ní ìlà kẹta. Òun ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá ní kí ọmọ náà dìde kí gbogbo wa rí i, ó gbé máìkì fún un.

“Ẹ ṣé gan-an, sà,” ni ọmọ náà wí. “Mi ò rántí nǹkan kan nípa ọjọ́ yẹn. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo mọ̀.”

Àánú ṣe gbọ̀ngàn. Èmi ni mo mọ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Nínú gbogbo èèyàn tó wà ní pápá lọ́jọ́ yẹn, ọkùnrin yìí lọ mú ẹyọ ẹnì kan tí kò lè jẹ́rìí sí nǹkan kan, ó fi í ṣe ẹlẹ́rìí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i kó ronú jinlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fàyè sílẹ̀ fún ìbéèrè, mo dìde. Ojú rẹ̀ yí padà, mo sì rẹ́rìn-ín sí i kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. “Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wa. Báwo lẹ ṣe mọ̀ lórí pápá pé ọpọlọ ọmọ náà ti mì? Kí lẹ bi í?”

Ara rẹ̀ yá. Ó na ìka méjì sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn rí i. “Mo bi í pé, mélòó nìyí!”

Ní apá ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ọmọ kíláàsì mi jókòó sí, ẹ̀rín kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ẹnì kan. Ó ràn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí àwọn kan fi gbé orí lé àga iwájú wọn. Ọ̀gá mi wò wọ́n, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń jùwọ́ sí wọn, ó rò pé inú wọn ló dùn sí òun. Ìka méjèèjì ṣì wà lókè. Títí dòní, mi ò rò pé ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá ọmọ náà bá mi lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a ń jáde. “Mà, ẹ̀yin lẹ sunkún?”

“Rárá o.”

“Mo mọ̀,” ó ní, ó sì tún gèlè rẹ̀ wé. “Mo rí yín ní ilé ìwòsàn.”

Ọmọ náà ò ṣọ́ ilé mọ́. Ó ń rán aṣọ báyìí ní Àkúrẹ́, ara rẹ̀ le, ọjọ́ yẹn ò sì padà sí orí rẹ̀ rí. Ọ̀gá mi lo ipò rẹ̀ dópin, ó fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìyìn. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ó ti pẹ́, kí n dárí jì í. Mi ò dárí jì í, kò sì dí mi lọ́wọ́ oorun. Àmọ́ ìgbà tí oyè ọ̀jọ̀gbọ́n kan èmi gan-an, tí wọ́n pe orúkọ mi jáde ní gbọ̀ngàn yẹn kan náà, tí wọ́n ní láti òní lọ kí wọ́n máa pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n, mo dúró níbẹ̀ tí mò ń retí kí ó dùn mọ́ mi, kò dùn tó bí mo ṣe rò. Orúkọ tí wọ́n fi pe ọkùnrin yẹn ni wọ́n fi ń pè mí. Ìtàn tó gbà lọ́wọ́ mi ò dùn mí mọ́. Adùn orúkọ yẹn ló gbà lọ gan-an, mi ò sì tíì rí i gbà padà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ọmọ tuntun bá kọ́kọ́ wọ kíláàsì mi, mo máa ń ní kó máa pè mí ní “Mà” lásán, kó tẹ̀ lé mi lọ sí pápá ná, kó wo ohun tí mò ń fi ọwọ́ mi ṣe, kó tó mọ ohun tó máa pè mí.